Ìlú sí ìlú nínú bàálù: báwo ló ṣe jìnnà tó, wákàtí mélòó ló sì ń gbà?

Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù kì í pẹ́ bèèrè nǹkan méjì: báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, wákàtí mélòó la ó sì lò lókè? Wọ́n jọ ìbéèrè kan náà, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ìlú méjì ṣe jìnnà síra wọn kì í yí padà lónìí lọ́la. Wákàtí ni kì í dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí wákàtí 7 níbì kan, 8 níbòmíràn, tí tíkẹ́ẹ̀tì yín á tún máa sọ ohun tó dà bíi 12, tí kò sì sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù sí New York ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí kò sí wàhálà ìṣirò kan tí kò sí lójú ọ̀nà náà.

Tí wọ́n bá ní ìlú méjì fi kìlómítà báyìí jìnnà síra wọn, báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n?

Ilẹ̀ ayé rí roboto, nítorí náà kò sí ọ̀nà tó gún gbọọrọ lórí rẹ̀. Ẹ mú ọsàn kan, ẹ gún abẹ́rẹ́ méjì sí i lára, ẹ wá so òwú láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ fa òwú náà títí tí kò fi dẹ̀ mọ́. Ibi tó gbà lára èèpo ọsàn yẹn ni ọ̀nà tó kúrú jù láàárín abẹ́rẹ́ méjèèjì, òun náà sì ni àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣírò ìrìn bàálù ń wọ̀n.

Láti àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù sí àárín New York, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 5,570. Láti pápákọ̀ òfurufú Heathrow sí JFK, nǹkan bíi 5,540 ni. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ibi tí ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ni kò bára mu. Ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ kò sì roboto délẹ̀délẹ̀: ó tẹ́ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ó yọ ikùn díẹ̀ láàárín. Ẹ̀rọ tó bá kà á sí bọ́ọ̀lù tó pé lè fi kìlómítà bíi mélòó kan yàtọ̀ sí èyí tó ka yíyọ ikùn náà mọ́ ọn, àmọ́ ìyàtọ̀ ọ̀hún kì í tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ló dé tí ọ̀nà bàálù fi tẹ̀ kọdọrọ lórí máàpù, bí ẹni pé awakọ̀ ṣìnà?

Máàpù ló tẹ̀, ọ̀nà kọ́. Ẹni tó bá bó èèpo ọsàn, tó sì fẹ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tábìlì, àfi kó ya á tàbí kó fà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fa ilẹ̀ ayé kó lè dọ́gba lórí ìwé, apá òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì fà jù.

Ẹ wo Róòmù àti Chicago. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà ìdúbùú kan náà, nǹkan bíi dígíríì 42 sí àríwá. Lórí máàpù tó tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn á ní kí wọ́n fi rúlà fa ìlà látọ̀dọ̀ ọ̀kan dé èkejì, ó parí. Mo jókòó ṣírò rẹ̀: tí bàálù bá tẹ̀ lé ìlà rúlà yẹn láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì, yóò rin nǹkan bíi kìlómítà 8,300. Tó bá tẹ̀ lé ọ̀nà òwú ara ọsàn, á kọ́kọ́ gòkè lọ sí àríwá títí dé bíi dígíríì 54, á tún wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì ní ju bíi 7,740 lọ. Ó lé ní kìlómítà ọgọ́rùn-ún márùn-ún tí wọ́n jèrè látorí ohun tó jọ ìyípo lójú wa. Ohun kan náà ló ń mú kí bàálù tó ń lọ láti Tokyo sí Los Angeles gbà sókè lọ́hùn-ún lápá àwọn erékùṣù Alaska, nígbà tí ẹni tó ń wo máàpù rò pé àárín òkun Pàsífíìkì ló yẹ kó gbà tààrà.

Máìlì wo ni wọ́n ń sọ, ṣé máìlì ojú títì ni?

Ẹ bèèrè dáadáa. Máìlì ojú títì kan jẹ́ kìlómítà 1.609. Máìlì òkun, tí àwọn awakọ̀ bàálù àti ti ọkọ̀ ojú omi ń lò, jẹ́ 1.852. Nítorí náà Heathrow sí JFK jẹ́ máìlì ojú títì bíi 3,440, àmọ́ bíi 2,990 ni tí ẹ bá fi máìlì òkun kà á. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà méjì tó fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra fún ọ̀nà kan náà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Máìlì òkun ní ọgbọ́n kan nínú. Láti ìdajì ayé, ìyẹn ìlà tó pín ayé sí méjì láàárín (equator), dé òpin àríwá jẹ́ dígíríì 90. Ẹ pín dígíríì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 60, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni máìlì òkun kan. Ẹni tó bá mọ dígíríì tó wà láàárín ibi méjì lọ́nà òkè sí ìsàlẹ̀ ti mọ máìlì rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ kankan.

Mo mọ kìlómítà. Báwo ni mo ṣe lè fojú díwọ̀n wákàtí?

Ẹ pín kìlómítà náà sí 850, torí bàálù ńlá sábà máa ń sáré láàárín 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan tó bá ti débi tó ń lọ lókè. Ẹ wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un nítorí gbígbéra àti bíbalẹ̀. Fún kìlómítà 5,540, ẹ ó rí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó di méje. Kò burú.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kúkúrú máa ń já ìṣirò yìí kulẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù sí Paris kò ju kìlómítà 344 lọ. Ìṣirò wa á ní ìṣẹ́jú bíi 54, tíkẹ́ẹ̀tì á sì sọ pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún. Bàálù náà kò ráyè sáré ni. Bó ṣe ń parí gígòkè ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ níbi tó bá ti lọ sílẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 10,000 lọ, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni pé kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì òkun 250 ní wákàtí kan, ìyẹn kìlómítà bíi 460. Àkókò tó fi ń rìn wúruwùru nílẹ̀ kó tó débi ìgbéra náà wà ńbẹ̀.

Kí ló fà á tí àlọ fi ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ ọ̀nà kan náà?

Nínú gbogbo ìbéèrè inú ojú ìwé yìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí New York, wákàtí méje ààbọ̀ sí mẹ́jọ ló sábà máa ń gbà. Láti New York bọ̀, mẹ́fà ààbọ̀ sí méje. Wákàtí kan gbáko ti lọ, kìlómítà ò sì dín ẹyọ kan.

Ẹni tó bá ti tukọ̀ lórí odò rí ti mọ ìdáhùn. Tí odò bá ń ṣàn lọ síbi tí ẹ ń lọ, ẹ ó débẹ̀ kíá. Tó bá ń ṣàn bọ̀ wá pàdé yín, ẹ ó fi apá jìyà. Odò wà lókè náà, afẹ́fẹ́ ni omi rẹ̀. Ní bíi kìlómítà 9 sí 12 sókè, afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè ní jet stream. Ó lè fẹ́ ju kìlómítà 160 lọ ní wákàtí kan, ó sì lè kọjá 300 nígbà òtútù. Atẹ́gùn gbígbóná tó wà lápá ìdajì ayé àti èyí tó tutù lápá òpin ayé ló ń bí i, ìdí nìyẹn tó fi máa ń le jù nígbà òtútù, tí ìyàtọ̀ gbígbóná àti tútù bá pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bàálù kan lè sáré 900 kìlómítà ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ní 150. Tó bá dojú kọ afẹ́fẹ́ náà, 750 ló kù fún un lórí ilẹ̀. Kìlómítà 5,540 á gbà á ní wákàtí méje àti ìṣẹ́jú bíi 23. Tí afẹ́fẹ́ náà bá ń tì í lẹ́yìn, ó di 1,050, á sì débẹ̀ ní wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú bíi 17. Ẹ́ńjìnnì kan náà, epo kan náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ wákàtí méjì.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2020, ìjì líle kan tí wọ́n ń pè ní Ciara ń jà lórí òkun Àtìlántíìkì. Bàálù Boeing 747 kan gbéra láti New York, ó gun orí afẹ́fẹ́ náà, ó sì balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 56. Bí wọ́n bá wò ó láti ilẹ̀, ó kọjá kìlómítà 1,300 ní wákàtí kan láwọn ibì kan. Àwọn kan ní ó ti sáré ju ìró lọ. Kò sáré jù ú lọ o. Nínú afẹ́fẹ́ tó yí i ká, eré tó máa ń sá tẹ́lẹ̀ náà ló ń sá. Afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ.

Ṣé kì í ṣe yíyí tí ayé ń yí ló fà á?

Rárá, ó kéré tán kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Wọ́n ní ayé ń yí lọ sí ìlà-oòrùn, nítorí náà tí bàálù bá lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ìlú tó ń lọ á máa sún bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, àlọ sí New York ni ìbá yá jù, òun gan-an ló sì ń pẹ́. Ayé ń yí ní bíi kìlómítà 1,670 ní wákàtí kan níbi tó ti yọ ikùn jù, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń bá a yí, bàálù sì wà nínú afẹ́fẹ́. Ibi tí yíyí náà ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀ ni pé òun ló ń darí jet stream sí ìlà-oòrùn.

Tíkẹ́ẹ̀tì mi ní mo máa gbéra ní aago 6:30 ìrọ̀lẹ́, mo sì máa dé ní 6:30 àárọ̀. Ṣé wákàtí 12 ni màá jókòó sí?

Wákàtí méje péré ni, tó bá jẹ́ New York sí Lọ́ńdọ̀nù. Aago ìlú tí ẹ ti gbéra ni wọ́n fi kọ ìgbéra, aago ìlú tí ẹ ń lọ ni wọ́n sì fi kọ ìgúnlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀ ní 6:30 àárọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, 1:30 òru ni ní New York. Láti 6:30 ìrọ̀lẹ́ sí 1:30 òru, ẹ kà á.

Mo ti jìn sí kòtò yìí rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ lọ́nà yìí gan-an. Mo wo aago tó máa gbéra, mo fi wákàtí méje kún un, inú mi dùn pé mo mọ ìṣirò, mo sì lọ dúró dè é ní aago kan ààbọ̀ òru. Orí àga irin ni mo wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni tó ń gbálẹ̀ ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ṣé ìyàtọ̀ aago ìlú méjì kì í yí padà?

Ó máa ń yí. Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí márùn-ún ṣáájú New York, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì máa ń sún aago wọn síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ kan náà kọ́. Amẹ́ríkà ń sún tirẹ̀ ní Sunday kejì oṣù Kẹta, Ìlú Ọba ní Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù náà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin ló kù láàárín wọn. Ó tún ń ṣẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láàárín ìparí oṣù Kẹwàá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wà tí aago wọn kì í tiẹ̀ fi wákàtí odindi yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù: ti Íńdíà ní ààbọ̀ wákàtí lára, ti Nepal ní ìṣẹ́jú 45.

Òótọ́ ni pé èèyàn lè dé kó tó gbéra?

Lójú aago, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbéra ní Tokyo ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Monday lọ sí Honolulu. Ó gbà tó bíi wákàtí méje. Ẹ ó kọjá ìlà tí ọjọ́ ti ń yí padà lórí Pàsífíìkì, ẹ ó sì balẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Monday kan náà. Àbọ̀ ló máa gba ọjọ́ náà padà lọ́wọ́ yín.

Awakọ̀ ní wákàtí méje àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá la máa lò, tíkẹ́ẹ̀tì ní mẹ́jọ. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ẹ gba àwọn méjèèjì gbọ́. Awakọ̀ ń sọ àkókò tí táyà kò ní sí nílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ń ka láti ìgbà tí wọ́n bá yọ ohun tí wọ́n fi dá táyà dúró ní ibùdókọ̀ títí dìgbà tí wọ́n á tún fi dá a dúró níbi tí ẹ ń lọ. Àwọn ìṣẹ́jú tí bàálù fi ń tò lẹ́yìn ara wọn de ìgbéra wà nínú rẹ̀, àti yíyípo lókè de àyè ìbalẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù tún máa ń bu díẹ̀ lé e kí wọ́n má baà máa pẹ́ lójú ìwé. Tí wọ́n bá wá balẹ̀ ṣáájú aago, wọ́n á fi yangàn létí yín nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwa náà á sì pàtẹ́wọ́.

Ṣé bàálù máa ń gba ọ̀nà tó kúrú jù yẹn ní tòótọ́?

Ó ṣọ̀wọ́n kó gbà á láìyà. Nígbà míì, ọ̀nà tó gùn díẹ̀ àmọ́ tí afẹ́fẹ́ ń tini lẹ́yìn níbẹ̀ ló yá jù. Lórí Àtìlántíìkì ti àríwá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún àwọn ọ̀nà kan fà gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí, kí àwọn tó ń lọ sí ìlà-oòrùn lè gùn ún, kí àwọn tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn sì lè yẹra fún un. Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì sì gbọ́dọ̀ máa wà níbi tó ti lè fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo dé pápákọ̀ kan láàárín àkókò tí wọ́n fún un láṣẹ. Láyé ijọ́un, 60 ìṣẹ́jú ni. Ọ̀pọ̀ lónìí ti ní àṣẹ 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gba àárín òkun báyìí.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ló ń dun àwọn arìnrìn-àjò jù. Helsinki ní Finland sí Tokyo máa ń gbà tó wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀ tẹ́lẹ̀, lórí ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Nígbà tí Rọ́ṣíà ti ojú òfurufú rẹ̀ mọ́ àwọn bàálù Yúróòpù ní 2022, ìrìn náà di nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàlá, torí wọ́n ní láti lọ yí po lápá òpin àríwá tàbí gba gúúsù. Ìlú méjèèjì ò kúrò níbi tí wọ́n wà.

"Direct" àti "non-stop" ńkọ́, ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Kì í ṣe ọ̀kan náà. Non-stop kì í balẹ̀ sí ibì kankan. Direct lè balẹ̀ lójú ọ̀nà, kó tún gbéra, níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà ìrìn náà kò bá yí padà. Ẹ wo iye ìgbà tó máa balẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀rọ ìṣirò fún mi ní nọ́ńbà tí kò bọ́gbọ́n mu rárá. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìlú mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ló mú. Lọ́ńdọ̀nù kan wà ní Ontario ní Kánádà. Birmingham wà ní Ìlú Ọba, ó wà ní Alabama. Sydney wà ní Ọsirélíà, òmíràn wà ní Nova Scotia, ó sì ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn tó fẹ́ lọ wo òkun Ọsirélíà bá ara wọn nínú òtútù Kánádà. Lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń dá pápákọ̀ mọ̀ ni kí ẹ máa wò: ti Ọsirélíà ni SYD, ti Kánádà ni YQY.

Orúkọ pápákọ̀ náà lè tanni. Èyí tí wọ́n ń pè ní Frankfurt-Hahn ní Jámánì fi nǹkan bíi kìlómítà 120 jìnnà sí Frankfurt. Tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú lè di ìrìn ọkọ̀ wákàtí méjì lẹ́yìn ìbalẹ̀.

Èwo ló gùn jù, èwo ló sì kúrú jù?

Singapore sí New York ló gùn jù nínú àwọn tí kì í balẹ̀ lójú ọ̀nà: ó lé ní kìlómítà 15,300, ó sì ń gbà tó wákàtí méjìdínlógún sí mọ́kàndínlógún. Perth ní Ọsirélíà sí Lọ́ńdọ̀nù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, jẹ́ bíi 14,500. Èyí tó kúrú jù wà ní erékùṣù Orkney ní Scotland, láti Westray sí Papa Westray. Kìlómítà 2.7. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n kọ fún un, wọ́n sì ti fi ìṣẹ́jú àáyá 53 rìn ín rí.

Ṣé bàálù ò yá ju ti àtijọ́ lọ ni?

Kò yá jù. Concorde, bàálù àtijọ́ kan tó ń sáré ju ìró lọ, fi wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 52 àti ìṣẹ́jú àáyá 59 dé Lọ́ńdọ̀nù láti New York ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1996. Wọ́n gbé e tì ní 2003. Ó ń mu epo bí ẹni ń mu omi, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà á láyè láti sáré lórí ilẹ̀ wọn. Bí bàálù bá ṣe ń sún mọ́ eré ìró ni afẹ́fẹ́ ṣe ń dènà rẹ̀ sí i, owó epo á sì máa ga. Ilé-iṣẹ́ bàálù yàn láti pẹ́ díẹ̀.

Aago mélòó ni kí n sọ fún ẹni tó máa wá gbé mi?

Ẹ fún un ní aago ìgúnlẹ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, bó ṣe wà gan-an, torí aago ìlú rẹ̀ ni. Ẹ má fi nǹkan kan kún un, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò. Ẹ fún un ní nọ́ńbà ìrìn yín náà, kó lè máa wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá afẹ́fẹ́ ti tì yín tàbí ó ti dá yín dúró. Lẹ́yìn ìbalẹ̀, ẹ fún ara yín ní wákàtí kan kí ẹ tó jáde tó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ ti ń bọ̀, nítorí ìlà àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò àti ẹrù. Ẹ sì wo ọjọ́: tí àmì +1 bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ọjọ́ kejì ni.